Ẹni Tó Ń Kú Lọ Ló Foríjì Wọ́n

Jímọ̀, oṣù kẹsàn-án, 1989

Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú kókó tí wọ́n yọ pẹ̀lú ilé ọmọ mi nígbà iṣẹ́ abẹ ló rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní pa mí. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." N ò sunkún, n ò rẹ́rìn-ín.

Mo gba iwájú iléeṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà kọjá. Ìdajì ẹ̀rọ ibẹ̀ ò dún mọ́ látìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí gbogbo ilé gbà pé mo ti ń lọ, Ìyá Múrí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń ta ẹran l'Óko Ọba, wá kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá Múrí tó ń pè mí ní agolo òfìfo látìgbà iṣẹ́ abẹ yẹn! "Ìyàwó, foríjì mí nítorí Ọlọ́run." Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí n má gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́run. Mo foríjì wọ́n.

Lónìí, mo sọ fún Ìyá Múrí ohun tí dókítà wí. Wọ́n ní, "Alihamudulilai." Wọ́n ní kí n lọ bu omi wá.

Mo bù ú wá, mo kúnlẹ̀.

Ẹni tó ń kú lọ ló foríjì wọ́n. Èmi tí mo kúnlẹ̀ gbé omi yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ mí.