Ọ̀bẹ Wọ Yàrá Ìtẹ̀wé

Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá
Wàhálà ti dé. Orílẹ̀-èdè tó lówó jù nínú Àjọ tí Màámi ti ń ṣiṣẹ́ ní òun ò san owó ọdọọdún mọ́. Ó ní Àjọ ti sanra jù. Ahun! Orúkọ tí mo fún un nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màámi ti ń tẹ ìwé ìpàdé nísàlẹ̀ ilé ńlá yẹn — tí wọ́n bá to gbogbo ẹ̀ jọ, á kan òṣùpá, á tún ṣẹ́kù.

Ìṣẹ́gun, 5
Wọ́n ti gba ọkùnrin kan tí á máa gé ìnáwó. Ọ̀bẹ lèmi ń pè é.

Ẹtì, 8
Mo yà síbi iṣẹ́ Màámi lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọ̀bẹ sọ̀ kalẹ̀ wá. Ọrùn ẹ̀ gùn tó òpó iná. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo àga, ó wo èmi náà — bóyá ó fẹ́ gé mi mọ́ ọn. Ó ní ta ló tún ń ka bébà láyé kọ̀ǹpútà. Màámi ní, ọ̀gá, ẹ ka òfin ìpàdé yín kẹ́ ẹ tó tilẹ̀kùn. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ajé, 11
Ọ̀bẹ ti ti yàrá ìtẹ̀wé! Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo aṣojú máa dìbò lórí àtúntò ẹ̀. Tó bá wọlé, Ahun á sanwó, iṣẹ́ Màámi á sì lọ pátápátá. Ọ̀bẹ ò tiẹ̀ lè dúró de ìdìbò. Màámi ò jẹun. Mo bá a jẹ ẹ́. Ìbànújẹ́ máa ń pa mí lébi.

Ọjọ́rú, 13
Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí! Òfin Àjọ ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ dìbò lórí owó àfi tí ìwé títẹ̀ bá ti lo odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ gbogbo aṣojú. Ọ̀bẹ sì ti ti yàrá tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́! Òun fúnra ẹ̀ ló pe Màámi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dákun mà." Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Mo ní kí Màámi jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ dọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́, ó wọ bàtà.

Mo tẹ̀lé e. Ojú-ewé kejìlá ìwé àtúntò náà: kí wọ́n ti yàrá ìtẹ̀wé. Mo ní, Màámi, ẹ jẹ́ ká fò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀! Ó ní ìwé tó bá tọwọ́ òun jáde kì í fojú-ewé kan dín. Igba ìwé. Ó tẹ ìparí iṣẹ́ ara ẹ̀ nígbà igba.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ìdìbò ti sún di ọ̀la. Ohun tí tíṣà kọ́ wa lónìí, ògiri ló gbọ́ ọ.

Ẹtì, 15
Màámi wọlé, ó jókòó, ó ní kí n bu omi wá. Mo fẹ́ẹ̀ kú kó tó mumi tán!

Ó ní aṣojú orílẹ̀-èdè kékeré kan ló na ìwé sókè: yàrá tí ẹ ní ká tì yìí, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni èyí ti jáde? Wọ́n fọwọ́ sí àtúntò — wọ́n yọ ìlà kan kúrò. ÌLÀ TIWA! Ẹ̀rọ kan á lọ, Màámi á dúró. Ahun ti san ìdajì, ó ní ìyókù ń bọ̀. Ahun ṣì ni.

Ọ̀bẹ wá sísàlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ní kí Màámi dákun, kó tẹ ìwé òfin ìpàdé kan fún òun; òun fẹ́ kà á.

Màámi tẹ̀ ẹ́ sí ojú méjèèjì bébà. Ó ní ká lè dín ìnáwó kù.