Onígbọ̀wọ́ Àjọ̀dún Tó Ní Òun Ò Ní Kọ́bọ̀

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù keje
Ilé ẹjọ́ lónìí. Àkùkọ dé, bàbá Nayda ọmọbìnrin mi. Fáàrí rẹ̀ ló jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ lónìí bàtà tó ti lu ló wọ̀ wá. Ọdún mẹ́fà ni kò fi san owó ìtọ́jú ọmọ, ló bá di ẹjọ́ ọ̀daràn. Ó ní òun ò níṣẹ́, òun ò ní kọ́bọ̀. Ó tiẹ̀ ń wúkọ́. Wọ́n sún ẹjọ́ sí ọjọ́ kejìlá. Bí Nayda ò bá sanwó ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kí oṣù yìí tó parí, àyè rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 4
Mo rán síkẹ́ẹ̀tì méjì. Inú mi ò dùn.

Àìkú, 7
Ìwé mi, gbọ́! Wọ́n lẹ ìwé àjọ̀dún Santiago Mímọ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni onígbọ̀wọ́ ọdún yìí? Àkùkọ! Orúkọ rẹ̀ tóbi ju ti ẹni mímọ́ lọ. Fọ́tò rẹ̀ nìyẹn, ó wọ súùtù funfun. Olórin ogún, màlúù méjì, bíà fún gbogbo ìlú — "látọ̀dọ̀ Don Abilio Cárhuas, ọlọ́kàn rere". Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.
Nayda ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n fà á ya." Mo ní, "Má dán an wò. Yọ ọ́ jẹ́jẹ́."

Ẹtì, 12
Lọ́yà mi gbé ìwé náà síwájú adájọ́. Adájọ́ wo fọ́tò, ó wo bàtà, ó tún wo fọ́tò. "Don Abilio, àbí ìbejì yín nìyí?" Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, àfi tó bá san gbogbo gbèsè ọmọ àti owó gbà-má-bínú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àkùkọ ò wúkọ́ mọ́.

Ajé, 22
Ó san án! Gbogbo ẹ̀! Wọ́n ní ó ti dá àwọn olórin dúró, ó sì ti ta màlúù. Nayda ti forúkọ sílẹ̀. Mo jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká.

Ọjọ́bọ̀, 25
Àjọ̀dún. Nayda ló fà mí lọ. Oníháàpù kan ṣoṣo, kò sẹ́ran. Gbogbo ìlú ń kùn. Kí n má parọ́, mo ń gbádùn ẹ̀.
Àfi bí Àkùkọ ṣe gba máíkì. "Ẹ ń bi mí pé olórin dà? Owó wọn ni mo fi rán ọmọ níléèwé! Nayda Cárhuas, ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ọ̀la! Òun nìyẹn lọ́hùn-ún, ẹ wò ó!"
Owó tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà á kó tó san ló fi ń ṣe fáàrí! Ìlú ń pàtẹ́wọ́. Inú bí mi, mo dìde kí n tú àṣírí ẹ̀ síta. Ni mo bá wo Nayda. Ọdún mẹ́tàdínlógún, bàbá rẹ̀ ò pè é lọ́mọ ní gbangba rí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.
Mo kúkú ti dìde. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́.