Nenita Ni Ẹlẹ́rìí Kẹta

                                        Nagsabaran,
                                        La Union.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 2009.

Ẹ̀gbọ́n mi Fortunato,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín, ṣé ó ti fúyẹ́? Èmi wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn. Láti ìgbà tí Basilia ìyàwó mi ti kú, n kò béèrè ju ìyẹn lọ. Tíṣà Herminia aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ẹ sọ lórí fóònù pé kí Nenita ọmọ mi fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ẹjọ́ yẹn, torí Consorcia ni ìyá ìsàmì rẹ̀. N kò gbà. Ẹ gbọ́ ibi tó já sí.

Ọmọbìnrin mọ́kànlá ni Consorcia kó kúrò lágbègbè wa, ó ní ilé iṣẹ́ kan ń dúró dè wọ́n ní Taiwan. Kò ní ìwé àṣẹ ìjọba láti kó òṣìṣẹ́ lọ ibì kankan. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wà nínú ilé kan ní Manila, tí wọ́n ń retí bàálù tí kò sí. Ibẹ̀ ni Nenita wà tí ìyá rẹ̀ fi kú. Kó tó dé, a ti sin ín.

Nígbà tí ọlọ́pàá mú Consorcia, Ponciano ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ láti ilé dé ilé. Ẹni mẹ́jọ yọwọ́. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja wá bá èmi náà. Mo ní kó tètè gbé e padà kó tó jẹrà. Agbẹjọ́rò ìjọba ti sọ fún wa pé bí ẹni mẹ́ta bá jẹ́rìí, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Bí wọ́n bá ku méjì, ó máa lo ọdún díẹ̀, á jáde, á tún lọ kó ọmọ ẹlòmíì. Nenita ni ẹnì kẹta. Ọmọ tí kì í lè wo ojú àgbà.

Lọ́jọ́ tó máa jẹ́rìí ní kóòtù, kó tó jókòó sórí àga ẹlẹ́rìí, ó yà sọ́dọ̀ Consorcia, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀, bí a ṣe ń kí àgbà. Ponciano rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní ó ti parí.

Agbẹjọ́rò Consorcia dìde, ó ní ṣebí ìyá ìsàmì rẹ̀ nìyí, tó kàn fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ló kan ìwé àṣẹ níbẹ̀?

Nenita ní, "Ìyá ìsàmì mi ni wọ́n, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wọn tán níṣojú yín. Àmọ́ mọ́kànlá la wà nínú ilé yẹn, èmi nìkan ni wọ́n gbé lọ sàmì."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ponciano kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ yẹn wá rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni adájọ́ sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére. Nenita sunkún nítorí ìyá ìsàmì rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ kó sunkún.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, àti gbogbo àwọn ará ilé tó wà lọ́dọ̀ yín ní Waipahu. Àwọn kan nínú wọn á máa sọ pé ìjọba ló sọ Consorcia sẹ́wọ̀n. Ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ọmọ Basilia ni.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí kò gbọ́ràn,
                                        Anselmo Dumlao.