Ọwọ́ Aláró Lórí Ẹsẹ̀ Ọkọ

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà, 1974

Fàtímọ̀, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má tún un ṣe. Ìwọ lo lọ síléèwé, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀.

Ìwé méjì ni ìwọ ìyàwó ọmọ mi yóò máa bá mi kọ. Èyí tí èèpo rẹ̀ pupa yẹn, ti nọ́ọ̀sì ni: ẹsẹ̀ ta ni mo tẹ̀, ọjọ́ wo, kí ni ẹni náà wí. Èyí, tèmi ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kà á, ọkọ rẹ pàápàá.

Iṣẹ́ tí mo ń kọ́: títẹ àtẹ́lẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan, Ọmọ́yẹlé, ọmọ Iléṣà, ló kọ́ ọ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwa mẹ́fà là ń lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó bá yege á gba ìwé ẹ̀rí, á sì máa bá a ṣiṣẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi rẹ aṣọ láró ní Òṣogbo níbí. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò mọ́. Mi ò sì fẹ́ jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá mi bí adìẹ tó ń sàba.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Ìdí ń ro mí.

Onígíláàsì – orúkọ tí mo sọ nọ́ọ̀sì nìyẹn – lóṣòó síwájú ẹsẹ̀ bí òṣómàáló gidi. Ó ya àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ kan mọ́ ògiri. Ó ní àtàǹpàkò ni orí. Ibi tó tẹ̀ wọnú láàrin ni ikùn. Gìgísẹ̀ ni ìbàdí. Mo bi í pé ta ló wọnú ẹsẹ̀ lọ rí i. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Ó ní, “Ìyá, ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ yín wá a. Ibi tí kò bá dá lára ẹni náà, ẹ óò kan nǹkan kan bíi yanrìn lábẹ́ awọ.”

Adétọ́lá, ọmọ Ìbòkun, ló kọ́kọ́ pariwo pé òun ti kan yanrìn. Àwọn yòókù náà kàn án.

Èmi ò kan nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 6

Màá sọ ọ́ níbí, kò sì ní jáde níbí. Ìka mi ti kú. Omi eérú àti sódà tí a fi ń ṣe aró ló pa á. Ó tó ọdún mẹ́jọ. Mo máa ń fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò kúrò lórí iná, àwọn èèyàn á ní, “Ìyá ò bẹ̀rù iná!” Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ohun tí mo ṣe lónìí: ojú ni mo ń wò. Bí mo bá tẹ ibì kan tí ìpéǹpéjú ẹni náà gbọ̀n, tàbí tó fa èémí díẹ̀, mo ní, “Ibí ni.” Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo mọ̀ ọ́n. Onígíláàsì pàtẹ́wọ́. Ó ní kí gbogbo wọn wo Ìyá Aláró.

Mo gbà á. Orí mi wú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Òfin mẹ́ta lónìí. Ẹsẹ̀ tó wú tó sì gbóná, má fọwọ́ kàn án. Omi tí ẹ fẹ́ fi bọ́ ẹsẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ̀kẹta: kí ẹ bi ẹni náà bóyá èèrà máa ń kó jọ síbi tó bá tọ̀ sí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àtọ̀gbẹ ni. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ iná mọ́, egbò rẹ̀ kì í sì í tètè jinná.

Ìgbọ̀nwọ́! Láti kékeré ni mo ti ń fi ọwọ́ wo aró.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14

Mo tẹ ẹsẹ̀ Onífèrè. Àbúrò ọkọ mi tó ti kú ni. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé yìí, nítorí náà mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, ìwé yìí pàápàá ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Òun ló ń fọn fèrè fún ọkọ̀ ojú irin kó tó ṣí, kí wọ́n tó fún un ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Onífèrè ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo délé ọkọ.

Ó na ẹsẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó, ṣé o fẹ́ rẹ èmi náà láró ni?” Mo ní tí mo bá rẹ ẹ́, kò ní mu aró, ó ti gbó jù. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ó sùn lọ. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

Mi ò bi í nípa èèrà. Ìyàwó ilé wo ni yóò bi ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń tọ̀?

Ọjọ́ Àìkú, 16

Òjò. Ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Onígíláàsì ní lọ́jọ́ ìdánwò, kí oníkálukú mú ẹnì kan tó ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà wá. Onífèrè ni màá mú. Ó ti ní òun á wọ kóòtù rélùwéè òun.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21

Mo se omi. Mo fi ọwọ́ wò ó. Ọwọ́ ní ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Onífèrè ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú abọ́, ó ń sọ ìtàn ọ̀gá kan tí ọkọ̀ ojú irin gbàgbé sí Ìdó-Ọ̀ṣun. Mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ wà nínú omi títí ìtàn fi parí.

Fàtímọ̀ wọlé wá láti gbé omi náà dànù. Omi ta sí i lọ́wọ́, ó figbe ta.

Ìgbà yẹn la tó mọ̀. Èmi ò mọ̀, Onífèrè ò mọ̀. Àwa méjèèjì ń wo ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo ẹrù ẹlòmíràn. Ó pọ́n bí ẹyìn.

Fàtímọ̀, má dáwọ́ dúró. Kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ó ti lé roro. Ẹsẹ̀ òsì ló burú jù.

Onífèrè sọ fún gbogbo ilé pé òun tẹ ẹ̀yinná lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀. “Ìyàwó, má fòyà. Kò ní ti ẹnu mi jáde. Lọ gba ìwé rẹ.”

Mo ní kí Fàtímọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pupa pé: omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ara rẹ̀ balẹ̀. Kò fẹ́ kọ ọ́. Mo ní kí ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́, gègé ya ìwé náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Onígíláàsì ka ìwé pupa. Ó ní ó dára gan-an.

Ọjọ́ Jímọ̀, 28

Ẹsẹ̀ òsì ti ń rùn. Táòfíkì, ọmọ rẹ̀, gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ.

Ọdún mẹ́rin ló ti ń rí èèrà nídìí ìtọ̀ rẹ̀! Kò sọ fún ẹnì kan. Inú bí mi, mo lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó wò mí. “Ṣé o bi mí ni?”

Mi ò bi í lóòótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Keje

Wọ́n lè gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì.

Mo sọ fún Onígíláàsì pé ara ẹni tí mo fẹ́ mú wá ò yá. Ó ní kò séwu, òun ti mọ iṣẹ́ mi, orúkọ mi ló máa ṣíwájú. Ó wá fọwọ́ lé mi léjìká. “Ìyá, ẹ̀yin ni màá fi sídìí àwọn alátọ̀gbẹ. Ọwọ́ yín tutù ju tiwa lọ.”

Adétọ́lá ní, “Ẹ kú oríire o, Ìyá Aláró! Ẹ má gbàgbé wa o!”

Ọjọ́rú, 3

Mi ò jẹun. Fàtímọ̀ náà ò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 4

Mo sọ ọ́. Mi ò jókòó. Mo sọ ti ìka, ti ojú tí mo ń wò, ti omi, ti irọ́ inú ìwé pupa.

Onígíláàsì ò pariwo. Ó ní kí n dijú. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́wàá, mo mọ méjì. Nígbà tí mo lajú, ẹ̀jẹ̀ wà lórí mẹ́rin.

Ó ní, “Ìyá, ọwọ́ yìí ò lè ṣe é.”

Mo ní ojú mi ńkọ́, ṣebí iṣẹ́ ojú ni ó ń yìn láti ọjọ́ yìí. Ó ní ojú kì í mọ omi gbígbóná. Ó yọ gíláàsì, ó ń nu omi ojú. Èmi ò sunkún. Ìgbà tó yẹ kí n sunkún ni ọjọ́ tí mo ń gba àtẹ́wọ́.

Adétọ́lá sìn mí dé ibi mọ́tò. Kò sọ nǹkan kan. Fún ọmọ Ìbòkun yẹn, iṣẹ́ ńlá ni.

Ọjọ́ Ajé, 8

Wọ́n gé e. Kì í ṣe méjì. Mẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Wọ́n gbé Onífèrè dé láàárọ̀. Ó pè mí. Ó ti gbọ́ pé mo jẹ́wọ́.

Ó ní, “Èmi bo àṣírí rẹ, o wá lọ tú u fúnra rẹ. Kí lo jẹ níbẹ̀?” Mo ní mi ò jẹ nǹkan kan. Ó mi orí.

Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tí wọn ò gé níka, sórí itan mi. “Tẹ̀ ẹ́. Ní ọsibítù, wọ́n á dí imú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti mú ẹsẹ̀ mi dání.”

Mo gbé ẹsẹ̀ náà kúrò lórí itan mi. Mo ní mi ò tẹ̀ ẹ́.

“Ó ń rùn sí ìwọ náà, àbí?”

Mo ní kò rùn. Mo ní ọwọ́ mi ti kú, ọkọ mi. Èyí tó kù fún yín, mi ò ní fi ọwọ́ òkú bà á jẹ́.

Ó ní, “Ẹsẹ̀ tèmi náà ti kú. Kí ni òkú tún fẹ́ fi òkú ṣe?”

Mo ní rárá síbẹ̀.

Kò bẹ̀ mí. Ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ náà, ó kọjú sógiri. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun alásàrí.