Máa Bọ̀ Wá Bá Wa Tún Ayé Ṣe

Borith ọmọ mi,

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní Párísì. Ayé tuntun tí mo máa ń ṣàlàyé fún yín ní kíláàsì ti dé sí Battambang, ìlú wa. Kò sí olówó mọ́, kò sí ọjà, kò sẹ́ni tó ń dáná nílé ara rẹ̀. Inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ti ń bu omi ìrẹsì mu. Láti oṣù tó kọjá ni ebi ò ti pa ìyá rẹ mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń sinmi.

Phally tí mo kọ́ níwèé ni olórí wa báyìí. Ó dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

"Ìwọ arúgbó, àlọ́ lò ń kọ ni? Sọ fún un kó máa bọ̀, iṣẹ́ pọ̀!"

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín: "Tọrọ ẹ̀ kíá, tíṣà."

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo ní kí o gun àkàbà ọparun lọ sórí ọ̀pẹ? Mo búra pé ó lágbára. O wò ó, o kọ̀ jálẹ̀, mo sì nà ọ́. Àbúrò mi ló gùn ún, òkú rẹ̀ la gbé wálé. Dárí jì mí. Ìwọ lo ríran; ìgbéraga olùkọ́ ló fọ́ mi lójú.

Nítorí náà, máa bọ̀ wálé. Jẹ́ ìpè mi yìí gẹ́lẹ́ bí o ṣe jẹ́ tọjọ́ náà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Gbé ọmọ yín mọ́ra fún mi. Phally náà kí ọ. Ó ní ọkọ́ tìrẹ ti wà nílẹ̀, àwọn ń retí rẹ.

Bàbá rẹ,
Keo Sophat