Ṣé Ìkà Pátápátá ni Adépèlé?

                                                            Ilé Oyèdọ̀tun,
                                                            Àdúgbò Ìsẹ̀dó,
                                                            Ìlá-Ọ̀ràngún,
                                                            Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                            Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Fúnminíyì,

Mo kí ọ, mo sì kí bàálé rẹ. Ṣé orúnkún wọn ti gba oògùn tuntun tí dókítà kọ fún wọn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn tí ń bẹ ní Èkó? Mo gbọ́ pé àbígbẹ̀yìn rẹ ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Kí Olúwa wo ìyá, kí Ó wo ọmọ. Mo mọ̀ pé òjò kò jẹ́ kí ọ̀nà òkè yín ṣeé rìn lásìkò yìí, nítorí náà n kò bínú pé o kò yọjú. Ara tèmi le, bí a bá yọ ti ojú tí ń ṣomi. A dúpẹ́.

O mọ̀ mí dáadáa. N kì í sábà kó ọ̀rọ̀ ilé mi síta. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohùn mi kò dúró lónìí, n kò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Fẹ́mi ọlọ́kadà yóò mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ọ̀rọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ Dámisọ́lá ni, ọmọ ọmọ mi tí mo tọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. O mọ̀ pé Olúsọjí, ọmọ ìlú yín Ìgbájọ, fẹ́ fi í ṣe aya, àti pé ẹbí rẹ̀ ń múra àtiwá mọ̀ wá nílé. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, n kò mọ̀ bóyá wọn yóò wá mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ṣe eré kan nínú gbọ̀ngàn. Ògúntóyìn, olórí wọn, ni ó kọ ọ́. Ìyálé kan wà nínú eré náà tí ń jẹ́ Adépèlé. Kò bímọ. Ó bu májèlé sínú ẹ̀kọ mímu, ó fi fún ọmọ orogún rẹ̀, ọmọ náà sì kú. Dámisọ́lá ni ó ṣe Adépèlé. Fúnminíyì, ó ṣe é débi pé àwọn àgbàlagbà dìde lórí ìjókòó, wọ́n ń ṣépè. Obìnrin kan bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tí ó dì í mú. Wọ́n ká eré náà sórí fóònù, fídíò rẹ̀ sì rìn dé Iree àti Iresi. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ń pe ọmọ mi ní orúkọ tí mo sọ ọ́ mọ́. Bí ó bá jáde, wọn á ní, "Ìyálé ìkà, káàárọ̀ o! Ta ló kàn lónìí?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní àwọn gan-an ni ó kàn. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Láàárín oṣù tí ó kọjá ni ẹbí Olúsọjí rán Dáhùnsí, àbúrò bàbá rẹ̀, wá ṣe ìwádìí. O mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí ó wá ṣe ìwádìí kì í ya ilé ọmọ, kì í sì í jẹ́ kí a mọ ohun tí òun bá wá, kí àwọn ènìyàn má baà fi ẹnu dídùn bo òtítọ́. Ọgbọ́n àwọn bàbá wa ni, n kò sì rí àléébù nínú rẹ̀ títí di àkókò yìí. Gẹ́gẹ́ bí Olúsọjí ti ròyìn rẹ̀ fún wa, Dáhùnsí dúró lọ́dọ̀ alákàrà kan nítòsí gáréèjì, ó ra àkàrà, ó wá fi àwòrán Dámisọ́lá hàn án lórí fóònù, ó ní ǹjẹ́ ó mọ ọmọ yìí.

"Háà! Adépèlé!" ni obìnrin náà kígbe. "Ìkà obìnrin! Bàbá, ẹ má jẹ́ kó po ẹ̀kọ fún yín o!"

Àwọn tí ń jẹun níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ọmọ orogún ni ó pa. Òmíràn ní kí Bàbá lọ bi ọkọ rẹ̀ léèrè bí ojú rẹ̀ ti rí láti ìgbà náà. Nítorí pé Dáhùnsí kò sọ ohun tí ó bá wá, kò sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí òun fi àwàdà sílẹ̀; nítorí pé kò sì sí ẹni tí ó sọ pé eré ni, òun náà kò mọ̀. Kò béèrè níbòmíràn. Kò tilẹ̀ jẹ àkàrà náà. Ó gun ọ̀kadà padà sí Ìgbájọ, ó sì jíṣẹ́ fún gbogbo ẹbí pé ọmọ tí Olúsọjí fẹ́ fẹ́ ti wà nílé ọkọ, ó sì ti fún ọmọ orogún ní májèlé jẹ.

Olúsọjí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi fídíò náà hàn wọ́n kí wọ́n lè rí i pé eré ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ Àṣàkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá Olúsọjí. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tìrẹ. Òun ni ó tọ́ Olúsọjí, kò sì sí ìyàwó tí ń wọ ilé wọn láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ó wo fídíò náà dé òpin. Kì í ṣe pípa tí Adépèlé pa ọmọ ni ó kọ ọ́ lóminú. Ohun tí ó ṣe ṣáájú ni. Adépèlé jókòó, ó gbé ọmọ náà lé itan, ó fẹnu fẹ́ ẹ̀kọ náà títí, ó kán díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí ó tó fún ọmọ mu. Àṣàkẹ́ ní láti ọjọ́ tí òun ti wò ó, oorun kò kun òun mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, òun àti Dáhùnsí wá sí ilé mi. Mo gbé omi fún wọn. Dáhùnsí mu, Àṣàkẹ́ kò mu. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí léèrè ara, lẹ́yìn náà ó ní:

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ bá mi dá a. Ṣé ìkà pátápátá ni obìnrin inú eré yẹn, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo mọ̀ pé ọ̀nà méjèèjì ni ó dẹ tàkúté sí. Bí mo bá ní ìkà pátápátá ni, yóò ní báwo ni ọmọ mi ti ṣe mọ inú ìkà bẹ́ẹ̀ tó. Bí mo bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ní mo ń gbèjà apànìyàn. Mo rò ó, mo sì sọ ohun tí mo gbàgbọ́. Mo ní ìwà ìkà ni ohun tí Adépèlé hù, kò sí àwíjàre níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ọwọ́ tí ó fẹ́ kí ẹ̀kọ tutù jẹ́ ọwọ́ obìnrin tí ó ti ń retí ọmọ tí òun yóò bọ́, tí ọmọ náà kò sì dé. Ọwọ́ náà ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi dù ú. Nítorí náà, ó ku ibì kan nínú rẹ̀ tí ìkà kò tíì dé.

Àṣàkẹ́ mi orí. "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ohun tó bà mí lẹ́rù náà lẹ sọ yẹn. Ẹkùn tó bá bú ramúramù, à á sá fún un. Èyí tó bá ń pọ́n ojú ọmọ lá kó tó pa á jẹ ńkọ́? Awọ fẹ́lẹ́ ló bonú. Ẹni tó lè ṣe é báyẹn, níbo ló ti rí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Dáhùnsí wí, "eré ni wọ́n pè é o."

"Ìwọ, panu mọ́. Ìwọ tá a rán níṣẹ́ ìwádìí, tó jẹ́ àkàrà lo lọ ń wádìí."

Ó wá yíjú sí Dámisọ́lá tí ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ìwọ ọmọ yìí, fífẹ́ tí o fẹ́ ẹ̀kọ yẹn, ṣé ó wà nínú ìwé eré?"

"Kò sí níbẹ̀, mà."

"Kí lo wá ń rò tí o fi ṣe é?"

"Mi ò ro nǹkan kan, mà. Ẹ̀kọ yẹn gbóná ni. Orí iná ni wọ́n ti gbé e wá. Ọmọ tí wọ́n gbé lé mi lẹ́sẹ̀, Ṣàkírù ni, ọmọ aládùúgbò wa, ó sì ti ya ẹnu. Ì bá bó o lẹ́nu, mà."

Dáhùnsí wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ba èmi fúnra mi, nítorí pé ohun tí mo fi gbèjà Adépèlé ti ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Dámisọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Fífẹ́ oúnjẹ fún ọmọ kò ṣe àjèjì sí i. Ní ọjọ́ kejì, mo bi Ògúntóyìn léèrè bóyá ó fi ire kankan sínú obìnrin náà nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ó ní, "Rárá o, mà. Ìkà pọ́ńbélé ni mo kọ." Bí ó bá jẹ́ ti inú ìwé, nígbà náà, ìkà pátápátá ni, mo sì ti ṣìdájọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni kankan nínú wa tí ó tíì rí Adépèlé inú ìwé yẹn. Èyí tí gbogbo wa rí, ọwọ́ ọmọ mi ni ó yá lò. N kò mọ irú ìdájọ́ tí ó tọ́ sí ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n wá ìdí tí aṣebi inú ìtàn fi ṣe ohun tí ó ṣe. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó lè jẹ́ ẹ̀kọ ni ó gbóná.

Àṣàkẹ́ dìde láìsọ pé òun gbà tàbí pé òun kọ̀. Ó ní, "Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ pé ọmọ yìí gbọ́n lẹ́nu ni." Ó ní ìwádìí ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ìwádìí, òun fúnra òun yóò wá tún un ṣe, láti ilé dé ilé, bí ó ti yẹ.

Òní ni ó wá. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n rí i tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì. Àṣà kò gbà mí láyè láti tẹ̀ lé e, tàbí láti ránṣẹ́ ṣáájú sí ẹnikẹ́ni. Mo ti ilẹ̀kùn mi. Dámisọ́lá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Olúsọjí pè é lánàá, ó ní ohunkóhun tí Àṣàkẹ́ bá sọ, àwọn yóò ṣe ìgbéyàwó. Dámisọ́lá ní òun kò ní wọ ilé tí wọn yóò ti máa gbóòórùn ọbẹ̀ òun kí wọ́n tó jẹ ẹ́. N kò lè bá a wí. Bí Àṣàkẹ́ bá kọ̀, ó parí nìyẹn, mo sì mọ bí ó ti fẹ́ràn ọmọkùnrin náà tó.

Ohun tí ń já mi láyà kì í ṣe orúkọ Adépèlé mọ́. Ọmọ mi ní àléébù tirẹ̀. Ó lágídí. Bí ó bá bínú, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ó má yánu. Fẹ́mi ti dé báyìí, ó ń dúró de lẹ́tà yìí, ó sì sọ fún mi pé òun rí Àṣàkẹ́ tí ó wọ ilé Fálọ́pẹ́, olórí akọrin wa. Nínú gbogbo ìlú yìí, òun ni Dámisọ́lá bá jà gidi, ní gbangba, kò sì tíì tọrọ àforíjì. Fẹ́mi ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ ṣẹ́jú sí wọn." Mo ní kí ó jókòó.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ọ nìyí. Bí Àṣàkẹ́ bá ń padà sílé, yóò ya ọ̀dọ̀ rẹ; ó mọ̀ pé ìwọ ni o mọ̀ wá jù ní Ìgbájọ, ó sì ń gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Mo mọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Nítorí tèmi, o lè fẹ́ yin ọmọ náà kọjá bí ó ti yẹ. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò rán sí Fálọ́pẹ́, n kò gbọdọ̀ rán sí ìwọ. Bí ó bá bi ọ́ léèrè, sọ ohun tí ojú rẹ rí: agídí rẹ̀, ìbínú rẹ̀, àti ohun rere tí o bá rí pẹ̀lú. Bí o bá ti rí ìkà nínú rẹ̀ rí, tí o kò sọ fún mi nítorí ọ̀rẹ́, sọ fún Àṣàkẹ́. N kò ní bi ọ́ léèrè láéláé.

Bá mi kí bàálé rẹ àti gbogbo àwọn ọmọ. Dámisọ́lá kí ọ. Kò mọ ohun tí mo kọ. Fẹ́mi ti tan ọ̀kadà rẹ̀, n kò sì ní lè bẹ̀ ọ́ ju báyìí lọ.

                                                            Èmi ni tìrẹ, nínú àníyàn,
                                                            Mobọ́lájí Oyèdọ̀tun.