Ìyá Ìbòmú, Ẹni Tí Kì Í Gbà Pé Ara Wa Dá

Ọdún 1948 ni a bí ìyá wa, àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún, nínú yàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ń tún aago ṣe, ìyá wọn ń ránṣọ. Oṣù méje péré ni wọ́n lò nínú oyún, àwọn àgbà ilé sì máa ń sọ pé láti ìgbà náà ni wọn kò ti ní sùúrù.

Ní 1966 tí wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìyá wọn kú, tí àbúrò wọn àbígbẹ̀yìn ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá wa ló pọ̀n ọ́n, tó wẹ̀ ẹ́, tó sì ń nà án nígbà tó bá tọ́ sí i. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní 1971. Ní 1974 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń sọ pé ìjì ni òun gbé wálé.

Ní 1976 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú gbà wọ́n síṣẹ́ nọ́ọ̀sì, láti máa yẹ ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Yàrá onírin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́ bíi ti òkè réré tí ọkọ̀ òfurufú ń gbà kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, á bọ́ ìbòmú tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, á máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìwé. Afẹ́fẹ́ inú ikùn á wú. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ kò ní lè fi bò. Kò ní pẹ́, èékánná rẹ̀ á dà bíi tẹni tó tọwọ́ bọ aró, ìwé rẹ̀ á sì di wúruwùru. Èyí tó burú jù ni pé inú rẹ̀ á máa dùn. Ọpọlọ tí kò rí afẹ́fẹ́ tó kì í mọ̀ pé òun ti gọ̀. Ìdí nìyí tí ìyá wa kì í fi gba "ara mi dá" gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí a bá sọ ọ́ nílé, ọwọ́ wa ni wọ́n ń fà, wọ́n á wo èékánná wa, oúnjẹ tiwọn á sì tutù.

Ní 1989, àbúrò wọn àbígbẹ̀yìn, tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfurufú, wọ yàrá náà. Láti ìta, ìyá wa ní kó fi ìbòmú padà sí imú, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, mo lè fo òkun báyìí!" Olùkọ́ tó wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀ ló fipá fi í sí i nímú. Ìyá wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ wakọ̀ òfurufú, àfi tó bá tún un ṣe títí yóò fi mọ àmì tí ara tirẹ̀ fi ń kìlọ̀. Bàbá wọn pàápàá wá bẹ̀ wọ́n. Ìyá wa ní, "Ẹ jẹ́ kó bínú sí mi, kó ṣáà wà láàyè."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó yege. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyá wa kò sì sinmi: gbogbo ọjọ́ tó bá wakọ̀ ni wọ́n ń tẹ pápákọ̀ òfurufú láago, tí wọ́n á máa rìn síwá sẹ́yìn ní pálọ̀ títí wọ́n á fi gbọ́ pé ó ti balẹ̀. Ó dùn wọ́n wọra.

Ní ọdún 2000, afẹ́fẹ́ ń jò nínú ọkọ̀ tí àbúrò wọn ń wà lókè. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bíi pé èèrà ń rìn nínú wọn, àmì tó kọ́ nínú yàrá onírin. Ó fa ìbòmú wọ̀. Igbákejì rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbé ènìyàn mọ́kànléláàádọ́rùn-ún sọ̀kalẹ̀ láyọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó wá sílé wa, ó jókòó sórí àga ìyá wa, ó sì sùn lọ. Wọ́n kúnlẹ̀ tì í, wọ́n ń wo èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé wọn ń kán sí i lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́wọ́ fún wa pé òun kò sùn nígbà náà, òun kò mọ ohun tí òun máa sọ ni.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2008. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, ni wọ́n ń dúró sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo arúgbó àdúgbò ni wọ́n ń wò, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n ń yọ ìbòmú kúrò ṣáá láti béèrè ta ló wà lókè lónìí. Àbúrò wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́nìkan lókè o." Irọ́ ni. Ọkọ̀ mẹ́ta ti kọjá lórí ilé ìwòsàn láàárọ̀ yẹn. Ìyá wa tí kì í gbẹ́nikẹ́ni gbọ́ gba èyí gbọ́, wọ́n sì pa ojú dé.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àwọn àbúrò wọn, títí kan àbígbẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ràn, sáyé lọ. Ẹ sùn re, ìyá wa. Kí Olúwa fún yín ní ìsinmi tí ẹ kò fún ara yín.